Páànù Ilé Nọ́ọ̀sì

"Ẹ bá mi bi ọkọ yín léèrè o!"

Ohùn Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ wọlé kí òun fúnra rẹ̀ tó wọlé. Ìyá Oníbúrẹ́dì ń fi ṣọ́bìrì onígi fa agolo búrẹ́dì tó kẹ́yìn jáde nínú ààrò lọ́wọ́, òógùn ń kán tótó létí rẹ̀, kò sì lè yíjú. Ẹni tó bá yíjú nígbà tí agolo gbígbóná wà lórí ṣọ́bìrì, ilẹ̀ ni yóò bá a jẹ búrẹ́dì náà. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó fi apá nu ojú, ó wá kọjú sí ẹni tó ń pariwo láàárọ̀ kùtù.

Ẹnu iṣẹ́ òru ni Nọ́ọ̀sì ti ń bọ̀. Aṣọ funfun rẹ̀ ti rún, àìsùn ti wú ojú rẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó ṣe ẹnu rẹ̀.

"Igi pé, ìṣó pé, páànù pé. Bí mo bá ní kí Káfíńtà gun ilé mi lọ, á ní ó di ọ̀tunla. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀tunla. Lánàá, ọ̀tunla. Ṣé èmi nìkan ni wọ́n dá ọ̀tunla fún láyé yìí ni?"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́," ni ẹ̀gbọ́n Ìyá Oníbúrẹ́dì dáhùn. Òun ló máa ń di búrẹ́dì sínú láílọ́ọ̀nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, kò sì sí ọ̀rọ̀ tó ń kọjá níbẹ̀ tí kì í bù jẹ nínú rẹ̀. "Lọ́dún tó kọjá, ilé tíṣà kan ni. Ọdún tó ṣáájú ẹ̀, ilé awakọ̀ kan báyìí. Bó bá ti di àsìkò yìí, ọkọ àbúrò mi á rí ilé kan tí kò ní fẹ́ bò lórí. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

Ìyá Oníbúrẹ́dì kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín fún Nọ́ọ̀sì, ó bẹ̀ ẹ́, ó fi búrẹ́dì kan ṣe ènì fún un, obìnrin náà sì ń kùn lọ sílé. Ṣùgbọ́n ohun méjì ti lẹ̀ mọ́ra wọn lọ́kàn rẹ̀, bí omi ṣe ń lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè yà wọ́n mọ́.

Ohun kìíní, ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, Káfíńtà kì í sùn sílé. Kì í fi pa mọ́ fún un. "Ìràwọ̀ ń já lóru òní," ni yóò wí, "mo fẹ́ lọ wò ó." Nígbà tó kọ́kọ́ sọ ọ́, ìyàwó rẹ̀ fi í ṣẹ̀rín. Lọ́dún kejì, ó yọjú sí ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì láàárín òru, ó gbójú sókè, ó wò yíká. Ìràwọ̀ mélòó kan ló rí, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́ síbi tí Ẹlẹ́dàá fi wọ́n sí, kò sí èyí tó mira nínú wọn. Ó sáré padà sídìí ààrò kí búrẹ́dì má baà jóná. Láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe lọ́dọọdún: á yọjú, á wòkè, kò ní rí nǹkan kan, á padà. Ohun tó wà láyà rẹ̀ sì ń wúwo sí i. Abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù ibi tó ń lọ bá ń bà, kì í bèèrè ọ̀nà. Kò béèrè.

Ohun kejì ni ilé tí kò ní òrùlé. Ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

"Wò ó," ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún sọ, ó ń so láílọ́ọ̀nù, "ilé tí kò ní páànù, tí kò ní ilẹ̀kùn, tó wà lẹ́yìn ìlú. Ọkùnrin kó sínú ẹ̀ lóru. Ó ní ìràwọ̀! Ìràwọ̀ tó ń kun àtíkè ni." Ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ ń mì.

Àbúrò rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín.

Ẹnu ọ̀nà ilé ni tọkọtaya yìí máa ń pàdé láràárọ̀: ìyàwó ń bọ̀ láti ìdí ààrò, ọkọ ń lọ síbi iṣẹ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì bá a níbẹ̀ lóòótọ́, ó ti gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, pẹ́ńsùlù wà létí rẹ̀.

"Ìyá wa, o kú iṣẹ́ òru. Oúnjẹ wà lórí tábìlì, mo ti dé e."

"Ẹ ṣeun, Bàbá wa." Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì wá bá wa láàárọ̀ yìí. Ó ní ẹ kọ̀, ẹ ò kan páànù òun."

Káfíńtà họ orí, ó rẹ́rìn-ín. "Bá mi bẹ̀ ẹ́. Ọ̀la ni, láìyẹ̀."

"Kí ló dé tí kò lè jẹ́ òní?"

"Alẹ́ òní ni ìràwọ̀ ń já."

Ojú rẹ̀ kò ṣẹ́, ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá, ó kí aya rẹ̀ pé ó dìrọ̀lẹ́, ó bá tirẹ̀ lọ. Ohun tó dun obìnrin náà jù nìyẹn. Bó bá tiẹ̀ kálòlò díẹ̀, bó bá tiẹ̀ wolẹ̀, èèyàn á mọ̀ pé irọ́ náà ń ni ín lára.

Kò rí oorun sùn. Ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, àwọn àgbà tó sọ pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a, ń rojọ́ sí i létí. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó dìde, ó wọ bàtà, ó gba ọ̀nà ilé Nọ́ọ̀sì lọ.

Ilé náà wà níbi tí títì ti parí. Odi búlọ́ọ̀kù dúró gbagidi láìní fìlà lórí, iyanrìn wà níwájú, páànù tuntun wà ní títò lórí ara wọn, wọ́n fi òkúta tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbé wọn. Kò sí èèyàn níbẹ̀. Káfíńtà ń bá wọn tún ilẹ̀kùn ṣe ní ìgboro lọ́jọ́ náà. Ó wọlé. Yàrá àkọ́kọ́, ìyẹ̀ pákó àti àjẹkù ìṣó. Yàrá kejì, bákan náà. Ó dé yàrá tó wà ní ìkángun, ó sì dúró.

Wọ́n ti gbá ibẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ féfé. Láàárín yàrá, wọ́n tẹ́ pákó méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ká kúbùsù lé wọn lórí.

Pákó méjì.

Ó fi ọwọ́ ti odi. Ọkùnrin tó lè fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ilé fún ọ̀sẹ̀ kan, òun ló gbá yàrá yìí! Ta ni ó gbá a fún? Níbi tó dúró sí yẹn, ó parí ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn ara rẹ̀. Òun á wá síbí lálẹ́ òní. Bí òun bá bá obìnrin lórí pákó kejì, òun ò ní jà, òun ò ní pariwo, òun á kó ẹrù òun lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn ọmọ ti dàgbà, wọ́n ti lọ sílé wọn. Kò sí ẹni tí òun tún ń tìtorí ẹ̀ dúró.

Nígbà tí alẹ́ lẹ́, tí wọ́n po ìyẹ̀fun tán tí wọ́n sì bò ó, ó bọ́ épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó fi í lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi dúró ti ààrò lóru òní."

Ẹ̀gbọ́n wo épúrọ́ọ̀nù, ó wo ojú àbúrò rẹ̀. "Ìwọ! Ọjọ́ tó o bí àbíkẹ́yìn ẹ, orí bẹ́ẹ̀dì lo ti ń bi mí bóyá búrẹ́dì ti wú. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Mo fẹ́ lọ wo ìràwọ̀ tó ń kun àtíkè."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀gbọ́n. "Àbúrò mi, eré ni mò ń ṣe o. Ẹnu mi ló ń yún mi."

"Èmi ò ṣeré ní tèmi."

"Bó o bá bá obìnrin níbẹ̀ ńkọ́?"

"Mo mọ ohun tí màá ṣe."

"Bó ò bá wá bá ẹnikẹ́ni ńkọ́?"

Ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó jáde.

Ó ti pẹ́ tó ti rìn lóru kẹ́yìn. Bó bá ti wọ ilé búrẹ́dì ní ìrọ̀lẹ́, ó di àfẹ̀mọ́júmọ́ kó tó tún rí ìta. Ó yà á lẹ́nu pé ìlú lè dákẹ́ tó báyìí, pé ajá lè gbó lókèèrè kí èèyàn máa gbọ́ ọ kedere. Nígbà tó kọjá iná òpópónà tó kẹ́yìn, òkùnkùn bò ó. Òṣùpá ti wọ̀. Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń fi í wá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ títí ó fi dé ilé Nọ́ọ̀sì. Ó gba yàrá àkọ́kọ́ kọjá, ó gba ìkejì kọjá.

"Ta nìyẹn?" Ohùn Káfíńtà ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa iná yẹn! Ẹ pa á!"

Èèyàn rere kì í bẹ̀rù iná. Dípò kó pa á, ó sáré wọlé, ó tan án sójú ọkọ rẹ̀, ó tan án sí gbogbo igun yàrá, ó yọ ọ́ sójú fèrèsé, ó tún tan án sẹ́yìn odi. Káfíńtà nìkan ló rí. Ó wọ súwẹ́tà, ó fa fìlà bo etí méjèèjì, ó ń fi ọwọ́ bo ojú.

"Ìyá wa?" Ọkùnrin náà fò dìde. "Kí ló dé? Ṣé ilé búrẹ́dì jó ni? Ṣé ara ẹ̀gbọ́n ò yá?"

"Kò sóhun tó jó. Obìnrin yẹn dà?"

"Obìnrin wo?"

"Ẹni tó ni pákó kejì."

Káfíńtà wo pákó, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo pákó. Ẹ̀rín wá bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó rín títí ikọ́ fi gbé e. "Pákó kan ò gba ẹ̀yìn mi ni! Àbí o fẹ́ kí n máa sùn lórí ẹyọ kan bí alángbá? Bí mo bá yí lójú oorun, ilẹ̀ ló ń gbà mí!"

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó gbójú sókè. Òkè dúdú, ìràwọ̀ mélòó kan, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́.

"Ìràwọ̀ tó ń já dà?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Mi ò rí i! Lọ́dọọdún ni mò ń yọjú, mi ò rí i. Lọ́dọọdún, Bàbá wa!" Ohùn rẹ̀ já. Ó ti di ọ̀rọ̀ náà sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò mọ̀ pé ẹkún ló máa bá a jáde.

Ẹ̀rín tán lójú Káfíńtà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e. Kò bínú, tàbí bó bá bínú, kò fi hàn. Ó rọra béèrè bí ẹni ń wá ibi tí òrùlé ti ń jò: "Níbo lo máa ń dúró sí wò ó?"

"Ẹnu ọ̀nà ilé búrẹ́dì."

"Bó o bá ti wò ó tán ńkọ́?"

"Mo padà sídìí ààrò ni. Ṣé kí búrẹ́dì jóná ni?"

"Ó tì o. Àmọ́ iná ààrò ló wà lójú ẹ, Ìyá wa. Ẹni tó bá ti ìdí iná jáde, ojú ẹ̀ ò tíì ṣí nínú òkùnkùn. Pa tọ́ọ̀ṣì, kó o jókòó."

"Títí dìgbà wo?"

"Ìyẹ̀fun tó o bò sílé yẹn, ìgbà wo ló máa wú?"

"Ó máa wú nígbà tó bá wú."

"Bí ojú náà ṣe rí nìyẹn. Ṣáà má ṣí i wò léraléra."

Ó pa tọ́ọ̀ṣì. Káfíńtà fi pákó méjèèjì sílẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé wọ́n ti í mọ́nú àpótí. Kò rí ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ronú kan búrẹ́dì, bóyá ẹ̀gbọ́n òun ò ní gbàgbé iyọ̀. Ó fẹ́ dìde, kò dìde. Òótọ́ ni pé kò tíì gbà pátápátá, ṣùgbọ́n kò tún lè kúrò níbẹ̀ láìmọ̀.

Nígbà tó ṣe, orí odi bẹ̀rẹ̀ sí í fara hàn, ó gé ojú ọ̀run sí igun mẹ́rin. Láàárín ìràwọ̀ kan àti èkejì, ibi tó rò pé òfìfo ni, òmíràn yọ. Láàárín àwọn yẹn náà, òmíràn tún yọ, wọ́n kéré, wọ́n pọ̀ bí èérún búrẹ́dì. Ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i, kò sì mọ̀ pé òun ti la ẹnu sílẹ̀.

Nǹkan funfun kan fa ìlà gba òkè kọjá, ó sì kú.

"Yéè!" Ó gbá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ó já! Bàbá wa, ó já! Ṣé ẹ rí i?"

"Mo rí i."

"Òmíràn rèé! Ẹ wò ó, ẹ wò ó! Háà!" Ó dìde jókòó, ó tún dùbúlẹ̀ kíá kí ọ̀kan má baà já láìṣojú rẹ̀. "Níbo ni wọ́n ń já sí? Bí wọ́n bá ń já báyìí lọ́dọọdún, ṣé wọn ò ní tán lókè ni?"

"Wọ́n ní kì í ṣe ìràwọ̀ gan-an. Eruku ni, òmíràn ò ju iyanrìn lọ. Ayé wa yìí ló ń rìn. Bó bá dé ibì kan lójú ọ̀nà ẹ̀, àsìkò kan náà lọ́dọọdún, á wọ inú eruku yẹn, eruku á sì gbiná."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Rédíò."

Ó rò ó wò. Ó mọ eruku tó ń gbiná. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ ìyẹ̀fun wọ ẹnu ààrò, á ta pàrà bíi iná kékeré, á sì kú. Alaalẹ́ ló ń ṣẹlẹ̀ níwájú rẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ rí pé ibo ni òun tún lè ti rí irú rẹ̀. Ó béèrè bóyá ó máa ń dún. Ó béèrè ìdí tí àwọn kan fi gùn tí àwọn kan fi kúrú, bóyá Nọ́ọ̀sì lè rí i láti ilé ìwòsàn. Káfíńtà dáhùn èyí tó mọ̀. Èyí tí kò mọ̀, ó ní òun ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ìbéèrè tó yẹ kó ti béèrè tipẹ́. "Kí ló dé tí ẹ ò mú mi wá rí?"

"Mo pè ẹ́ nígbà tí mo kọ́kọ́ sọ fún ẹ. O ní ta ni yóò dúró ti ààrò."

Ó rántí. Òótọ́ ni. Ó tiẹ̀ fi rẹ́rìn-ín nígbà náà.

"Ká tiẹ̀ sọ òótọ́," ni Káfíńtà tún wí, ojú rẹ̀ ṣì wà lókè, "lọ́dún tó ṣáájú ìyẹn tí mo kọ́kọ́ sùn síta, kì í ṣe ìràwọ̀ ló mú mi jáde."

Ìyá Oníbúrẹ́dì yíjú sí i. "Kí ló mú yín jáde?"

"Ilé ló lé mi. Ìyá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ààrò lọ́wọ́ wọn. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, tí àwọn ọmọ bá ti sùn, ilé á dákẹ́ lọ gbári. Bó o bá ti ń wọlé láàárọ̀ ni mò ń jáde. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo dùbúlẹ̀ títí, oorun kọ̀, kò wá. Ni mo bá ní kí n kúkú lọ síbi iṣẹ́. Mo sùn gbalaja sínú ilé kan tí mi ò tíì bò, ni nǹkan bá ń já lójú mi. Mo ní ó dáa, èmi náà ti rí ohun tí màá máa retí. Látìgbà náà, bó bá ti kù díẹ̀ kó dé, ilé tó bá wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní bò ó."

Kò sọ ọ́ bí ẹni ń rojọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kó wọ obìnrin náà lára.

"Ẹ ò sọ fún mi," ló wí.

"Kí n ní kí ni? Búrẹ́dì ló rán àwọn ọmọ níwèé. Ṣé èmi ni màá wá ní kí o pa iná?"

Ó ṣí kúbùsù, ó sún sí ẹ̀gbẹ́ pákó, ó ní kí Káfíńtà kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀, òtútù wà níbẹ̀. Ó bá a sún mọ́ra, wọ́n fún mọ́ ara wọn lórí pákó, ọkùnrin náà sì ń fi ìka hàn án ibi tí èyí tó mọ́lẹ̀ jù máa ń gbà. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń falẹ̀. Ó sọ gbólóhùn kan, kò parí rẹ̀.

Àkókò oorun tirẹ̀ nìyẹn. Àkókò iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ni, ojú ìyẹn sì dá ṣáká.

Èyí tó tóbi jù wá já. Ó ti ọwọ́ ọ̀tún wá, ó fà gùn títí dé orí odi kejì, ó tan ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ sínú yàrá. Ìyá Oníbúrẹ́dì yíjú kíá láti pe ọkọ rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí, àmọ́ kò pè é.

Káfíńtà ń hanrun. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gùnkè, ó wá há sọ́fun bíi pé ó ń ro nǹkan, kó tó tú jáde pẹ̀lú súfèé kékeré kan nímú.

Kò gbọ́ ọ rí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ ẹ kì í hanrun. Oorun rẹ̀ máa ń dákẹ́ débi pé òun máa ń gbé ọwọ́ síwájú imú rẹ̀ lóru láti mọ̀ bóyá ó ń mí. Èyí kì í ṣe oorun ọ̀dọ́. Bàbá àgbàlagbà ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun yìí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ta ni ì bá sọ fún òun?

Ó fi òkè sílẹ̀. Ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó kọjú sí i nínú òkùnkùn, ó ń gbọ́. Nígbà tí èémí náà bá há, òun náà á há tirẹ̀ mọ́ àyà, títí èémí ọkọ rẹ̀ yóò fi tún jáde.